Òórùn tí í Ta ni Nímú

Ta ni kò mọ òórùn tí í ta ni nímú bí a bá ṣí ìdérí ṣáláńgá? Amóníà ni orúkọ rẹ̀. Láti inú ìtọ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, inú ilẹ̀ ni à ń dà á sí. Àwọn kòkòrò àìfojúrí a sọ ọ́ di náítréètì, tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, òjò a sì gbé e lọ sínú kànga. Ní 1945, oníṣègùn Amẹ́ríkà kan, Hunter Comly, kọ ọ́ sílẹ̀ bí irú omi kànga bẹ́ẹ̀ ti sọ ara àwọn ọmọ ọwọ́ di àwọ̀ aró ní Iowa. Nínú ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Oǹdó, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni ó wà láàrin ṣáláńgá àti kànga. A kò bìkítà, nítorí omi náà mọ́ gaara.

Àwọn ìlú tí ń fi páìpù kó omi ẹ̀gbin jọ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ amóníà. Ẹ ti rí bí a ti í gbé òkúta lé àpò gààrì kí omi rẹ̀ lè jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ níbi ìfọmi-mọ́. Omi tí ó ń jáde kò pọ̀, bí ìdá 1 tàbí 2 nínú 100 omi ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ru ìdá 15 sí 20 nínú 100 náítrójìn tí ó wọlé. Wọn a sì dà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bí ẹni tí ó fọ aṣọ tán tí ó tún tẹ̀ ẹ́ bọ ẹrẹ̀! Àwọn kòkòrò tí Winogradsky, ará Rọ́ṣíà, ṣàwárí ní 1890 lè yí amóníà náà padà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, owó iná tí a fi ń fẹ́ ẹ sí wọn kò sì kéré.

Ní 1977, Engelbert Broda ti ìlú Vienna ṣírò ó, ó ní kòkòrò kan gbọ́dọ̀ wà tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà láìsí afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tí ó tíì rí i. Nígbà tí ó ṣe, níbi omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ìwúkàrà kan ní Delft, ní Nẹ́dálándì, amóníà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. Arnold Mulder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn náà jáde ní 1995. Kòkòrò náà pupa bí epo. Ó ń so amóníà pọ̀ mọ́ èyí tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ti yí padà, méjèèjì a sì di náítrójìn, èyí tí ó kó ìdá 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí.

Ní Rotterdam ni wọ́n ti kọ́ àgbá ńlá àkọ́kọ́ fún un, ní 2002. Ọlọ́ra ni kòkòrò yìí o! Ó tó bí ọjọ́ 11 kí ọ̀kan tó di méjì. Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n fi dúró kí àgbá náà tó ṣiṣẹ́ kíkún.

Kò sí irú àgbá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Síse kò sì lè lé náítréètì: omi ni í bá ooru lọ, òun a dúró, a sì le sí i. Nínú ilé wa kejì, apá òkè ni a gbẹ́ kànga sí, ṣáláńgá sì wà lọ́hùn-ún, ní ìsàlẹ̀.