Ẹnu Mélòó Ni Wọ́n Kà Mọ́ Owó Oṣù?

Ní Ìdíròkò, bí o bá ti ń sún mọ́ ibodè, wàá rí àwọn tó ń fi náírà gba sẹ́fà, oníkálukú pẹ̀lú tábìlì pákó rẹ̀ lábẹ́ agboòrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, mo bẹ ọ̀kan nínú wọn pé kó bá mi ka owó oṣù méjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó kọ́kọ́ ka bébà ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó kà á dé àádọ́rin: owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lù ní ọjọ́ 29 oṣù keje. Lẹ́yìn náà ló fa bébà mẹ́fà péré yọ: márùn-ún oní-10,000, ọ̀kan oní-2,000. 52,000 sẹ́fà nìyẹn, iye tí òfin Benin sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù. Ìdì náírà kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bébà mẹ́fà yẹn, ìka méjì ló fi mú un. Ó gbé ìdì náírà sọ́wọ́ wò, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìdajì tiwọn ni tiyín yìí.”

Ohun tó sọ tẹ̀lé e ló dùn mí jù. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, àwọn ará òdìkejì ló ń sáré wá gba náírà lọ́wọ́ wa. Òótọ́ ló sọ. Ní 2011, nígbà tí ìjọba Jonathan sọ owó oṣù tó kéré jù di 18,000 náírà, bébà méjìdínlógún yẹn ń gba ohun tó lé ní 50,000 sẹ́fà, ti Benin kò sì ju 31,625 lọ. Ní 1981 ńkọ́, ní ayé Shagari? 125 náírà ni òfin kọ. Ní iye tí ìjọba ń ṣírò náírà sí nígbà náà, ìyẹn pàápàá ju 50,000 sẹ́fà lọ. Ibi tí òṣìṣẹ́ Èkó wà ní 1981 ni òṣìṣẹ́ Kútọnu ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 2023, ẹni Èkó sì ti rọ́ sẹ́yìn.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fi ojú apá kan ibodè wo ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ilé kan náà ni wá. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní 1889 ló sọ Kétu, Ṣàkẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́ di ti Faransé, tó sọ Ìpókíá, Ìlarò àti Ìmẹ̀kọ di ti Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìlà yẹn tó dé, ẹni tó fẹ́ kọ́lé a bẹ ọ̀wẹ̀, a fi oúnjẹ àti ẹmu tọ́jú àwọn tó wá. Àwọn ọ̀dọ́ a ṣe àárò, oko tèmi lónìí, oko tìrẹ lọ́la. Ẹni tó jẹ gbèsè a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó ló dúró fún èlé, gbèsè fúnra rẹ̀ a sì wà níbẹ̀ digbí. Ẹrú náà wà. N kò fẹ́ ká gbàgbé wọn nítorí pé a fẹ́ yin ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ sí ọ̀wẹ̀ ní oko tirẹ̀ nílé, oko yẹn ló ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí òyìnbó gbé ènìyàn kúrò lóko, tó sì ní owó ni òun yóò máa fún un, ìgbà náà ni ìbéèrè tuntun bẹ̀rẹ̀: ẹnu mélòó ni owó yìí fẹ́ bọ́?

Kíá ni àríyànjiyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1897, Gómìnà McCallum fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ padà kó sì gé owó. Àwọn òṣìṣẹ́ iṣẹ́ òde ní Èkó, tó tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, jókòó sílé. Gómìnà tó fẹ́ fi agbára ṣe é wá di ẹni tó ń dúnàádúrà.

Ṣùgbọ́n ọdún 1945 ni ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀. Ogun Hitler ti sọ ọjà di iná. Ìjọba fi òfin dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ta gàrí, Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà àti àwọn ìyálọ́jà Èkó sì kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní ta ọjà àwọn ní àdánù. Lójú mi, ìjà gàrí yẹn àti ìjà owó oṣù, ọmọ ìyá ni wọ́n: ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, wọn kò rí ohun tí yóò wọ ìkòkò. Aṣáájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Rélùwéè ni Michael Imoudu. Ìjọba ti lé e lọ sí Auchi láti 1943. Nígbà tó padà wọ Èkó ní oṣù kẹfà 1945, orí ẹṣin funfun ló wà tí Èkó fi jó pàdé rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ó lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tó dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni kí owó òòjọ́ tó kéré jù jẹ́ ṣílè méjì àti sísì, kí wọ́n sì fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n-gógó. Rélùwéè dákẹ́, tẹlifóònù dákẹ́, fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Hubert Ogunde fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré tó pè ní Strike and Hunger, àwọn aláṣẹ sì torí rẹ̀ mú un ní Jos. Ní 1946, ìgbìmọ̀ Tudor Davies gbà fún wọn pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó náà.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn ti Èkó, iná kan náà ràn ní ẹ̀gbẹ́ kejì, orí irin kan náà ló sì gbà. Láti oṣù kẹwàá 1947 dé oṣù kẹta 1948, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé yanṣẹ́ lódì. Ilẹ̀ Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, wà nínú rẹ̀, níbi tí irin ti gba Kútọnu lọ sí Parakou, tí ẹ̀ka kan sì ti Àjàṣẹ́ wọ ilẹ̀ àwọn èèyàn wa dé Pobẹ̀. Àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́, kí òyìnbó àti aláwọ̀ dúdú jọ máa gùn ún.

Òfin iṣẹ́ tí Faransé ṣe fún àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá 1952. Ó dín wákàtí iṣẹ́ kù sí 40 lọ́sẹ̀. Àwọn ọ̀gá fẹ́ fi ìyẹn gé owó. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wákàtí kọ̀ọ̀kan kí owó oṣù má bàa dín. Ní oṣù kọkànlá 1953, wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì gbà á. Inú òfin yìí ni owó tí wọ́n ń pè ní SMIG ní Kútọnu títí dòní ti fìdí múlẹ̀, owó tí ìjọba dúró fún pé kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ san ohun tó kéré sí i lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣírò owó yẹn ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi. Àwọn òyìnbó jókòó, wọ́n kọ ohun tí lébìrà nílò kó má bàa kú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: oúnjẹ, aṣọ, ibùgbé, ọṣẹ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ fún ọkùnrin kan. Kò níyàwó, kò bímọ, kò ní ìyá tó ń retí rẹ̀ ní Ṣàkẹ́tẹ́. Wọ́n gbà pé oko tó fi sílẹ̀ ló ń bọ́ àwọn ìyẹn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pariwo títí, ó di 1956 kí owó ọmọ tó kan òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn. Àpọ́n ni wọ́n kà. Láti ìgbà náà, gbogbo iye tí wọ́n ń sọ fún wa, yálà ní Abuja tàbí ní Kútọnu, orí ẹnu kan yẹn ni wọ́n gbé e lé.

Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú ní 1954, wọ́n sọ owó òòjọ́ tó kéré jù ní Ìwọ̀-Oòrùn di ṣílè márùn-ún, èyí tó mú àwọn ẹkùn yòókù wo ara wọn. Ìyanṣẹ́lódì ńlá 1964 tẹ̀lé ìròyìn ìgbìmọ̀ Adéyínká Morgan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ Adébọ̀, lẹ́yìn Adébọ̀ ni ti Údójì. Owó Údójì! Àwọn àgbà ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ ka ọjọ́ orí ọmọ. Ajẹẹ́lẹ̀ oṣù púpọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ní 1975, onílé sì sọ owó ilé di méjì kí oṣù tó parí.

Ní Dahomey, ìjọba ló ń wó bí owó oṣù bá wọ́. Ìbínú òṣìṣẹ́ wà nínú ohun tó gbé Ààrẹ Maga lọ ní 1963, ó wà nínú ohun tó gbé Ààrẹ Soglo lọ ní 1967. Ní 1989, àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba lo ọ̀pọ̀ oṣù láìgba kọ́bọ̀. Ìyanṣẹ́lódì wọn ló ti Ààrẹ Kérékou dé ibi àpérò gbogboogbò ní Kútọnu ní oṣù kejì 1990. Nígbà tó sì di ọjọ́ 11 oṣù kìíní 1994, wọ́n gé sẹ́fà sí méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: 50 tó ń gba fráǹkì Faransé kan di 100. Ìṣubú kan ni ti sẹ́fà. Ti náírà, àtẹ̀gùn ni. À ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti 1986.

N kò lè sọ̀rọ̀ 125 náírà ìgbà Hassan Sunmonu, ọmọ Òṣogbo tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún NLC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, kí n má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. 300 náírà ni wọ́n béèrè ní 1981. Owó náírà yẹn ló fa àwọn ará Gánà, Tógò àti Benin wá sí Èkó, tí wọ́n ń po kọnkéré, tí wọ́n ń kọ́ ọmọ wa ní ìwé. Ní oṣù kìíní 1983, ìjọba ní kí gbogbo ẹni tí kò ní ìwé jáde. Ojú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀ kún fún ẹrù àti ọmọdé. A lé àwọn tó bá wa kọ́ ilé wa, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń sọ èdè wa.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kò pẹ́ tí kpayo, epo Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà Àjàṣẹ́, fi gbówó lórí bíi tiwa. Ìpinnu Abuja ti wọ àpò ọlọ́kadà Kútọnu kí owó oṣù ẹnikẹ́ni tó yí. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wá jókòó ní 2024, wọ́n mú 615,000 náírà wá, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ka àlàyé rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ẹnìkan wá ka ẹnu inú ilé: tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin. Oúnjẹ, 9,000 lójúmọ́. Pín in fún ẹni mẹ́fà, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, 500 náírà ni àwo oúnjẹ kan. Ta ni kò mọ ohun tí 500 náírà lè bù lọ́wọ́ olóúnjẹ? Ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti 48,000, ó ń fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan kún un. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ pa iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn gómìnà ní 60,000 pàápàá yóò jẹ gbogbo owó ìpínlẹ̀ tán. Ibi tó parí sí ni 70,000. Nígbà tó yá, Èkó san 85,000, Ọ̀yọ́ 80,000, Ògùn 77,000. Ní 9,000 lójúmọ́, 70,000 kò lè bọ́ ìdílé náà di òpin ọjọ́ kẹjọ oṣù.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn gómìnà. Òótọ́ ni pé ìpínlẹ̀ mìíràn kò ní lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí owó kò bá tó, kí wọ́n sọ pé ìdajì ìdílé ni àwọn lè bọ́, kí wọ́n má pè é ní owó tí ènìyàn fi ń gbé ayé. Ní Benin, wọ́n gbé tiwọn láti 40,000 ti 2014 sí 52,000, ó sì dára; ṣùgbọ́n òfin 2018 ti ní ìyanṣẹ́lódì kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ lọ́dún. Rélùwéè 1947 lo oṣù márùn-ún.

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòji. Òfin Nàìjíríà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ó yọ lébìrà oko onígbà díẹ̀ sílẹ̀, ó yọ ẹni tí wọ́n ń fi iye iṣẹ́ sanwó fún sílẹ̀. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ọmọdé tó lé ní ọgọ́rùn-ún láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta padà sí Benin. Wọ́n ti la ibodè kọjá wá fọ́ òkúta tí a fi ń kọ́lé, kò sì sí owó oṣù ìlú kankan tó kàn wọ́n.

Kí n tó kúrò ní Ìdíròkò, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá birikìlà ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀, ìgbákọ́ rẹ̀ ṣì ní sìmẹ́ńtì lára. Ìgóló, ní òdìkejì ibodè, ló ti ń wá láràárọ̀, Yorùbá rẹ̀ sì dùn ju tèmi lọ. Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ 70,000, ó ní òun gbọ́ ọ nínú rédíò. Mo bi í bóyá ó gbọ́ 52,000, ó ní ìyẹn náà. Kò sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú méjèèjì. Mo wá bi í pé ẹnu mélòó ló wà nílé tó ń wò ó lójú. Ó gbé ìgbákọ́ sílẹ̀ kó lè fi ìka kà á, ìyàwó, àwọn ọmọ, ìyá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú. Ìka ọwọ́ ọ̀tún tán, ó bọ́ sí ti òsì.