Owó Ìlú àti Orin Ìkálẹ̀

Kí ìjọba tó dá ilé-iṣẹ́ àṣà sílẹ̀ ni orin àwa Ìkálẹ̀, Yorùbá gúúsù ìpínlẹ̀ Òndó, ti ní ẹni tó ń náwó sí i. Bí àgbàlagbà bá papò dà ní Ìkọ̀yà tàbí Ìlútítun, àwọn ọmọ òkú ló ń ránṣẹ́ sí onílù. Owó oko àti owó epo pupa ni wọ́n fi ń bọ́ olórin. Ẹ̀yìn ìyá wọn ni àwọn ọmọdé ti ń gbọ́ bírípo, orin ijó Ìkálẹ̀, tí wọ́n sì ń gbè é, láìsí ẹni tó pè é ní ẹ̀kọ́.

Okùn yẹn ló já. Lóòótọ́, olórin wa Comfort Ọmọge gbé orin àṣíkò Ìkálẹ̀ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní àwọn ọdún 1970, ẹni tí kò dé Òkìtìpupa rí sì gbọ́ ohùn wa. Ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù kì í tún ohùn ọmọ ṣe nígbà tó bá ṣì í gbè. Ẹni tó ń ṣòkú lónìí, díjéè ló ń háyà. N kò bá a wí.

Àwọn kan ní orin tó bá dára yóò bọ́ ara rẹ̀. Orin tí wọ́n ń kọ ní ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀, tí ìwé Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ kò fi kọ́ni, ọjà wo ni yóò ná?

Owó ìlú pọn dandan, ṣùgbọ́n ibi tí a ń ná an sí ti ń ṣì wá lọ́nà. Nítorí àjọ̀dún àṣà FESTAC 1977 ni ìjọba ológun ṣe kọ́ Tíátà Àpapọ̀ sí Ìgànmú ní Èkó, tí gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ gba nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi dẹnu kọlẹ̀ kí àwọn báǹkì tó dáwó tún un ṣe. Ní 2024 ni wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́. Ìlànà Àṣà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 1988 dárúkọ àpò owó àkànṣe fún iṣẹ́ ọnà. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn oníṣẹ́ ọnà ṣì ń bèèrè rẹ̀. Ní tiwa, ìgbà tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ ni wọ́n ń rántí oníjó: ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí.

Ohun tí orin yìí ń fẹ́ kò tó owó òrùlé gbọ̀ngàn kan. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti ti Ìrèlè gba àwọn ìyá àgbà tó mọ bírípo síṣẹ́, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀, nígbà tí ohùn àwọn ìyá náà ṣì ń jáde.