Ajàyí: Iye Rẹ̀ àti Iyì Rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Amẹ́ríkà wá kí wa ní Ìlọràá. Orí fóònù ni ó ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn: ṣé ó yẹ kí ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles náwó ńlá lé Jay Ajayi lórí? Màmá mi gbọ́, wọ́n ní: “Ajàyí wo? Ọmọ ta ni?”

London ni wọ́n bí i sí ní 1993; ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ àyà, kí ó sì sáré la àárín alátakò kọjá. Ní 2015, wọ́n ń bẹ̀rù orúnkún rẹ̀; ẹni 149 ni wọ́n yàn án. Ní 2016, ó sáré yáàdì 1,272 fún Miami. Ní 2017, Miami fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹ̀tọ́ àtiyan ọ̀dọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kejì 2018, òun àti Eagles gba Super Bowl.

Àwọn kan ní ó tó owó náà. Àwọn mìíràn ní ẹsẹ̀ asáré kì í pẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, iṣan orúnkún rẹ̀ já.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iye ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Iye a máa já wálẹ̀ lọ́jọ́ kan. Iyì ni màmá mi ń béèrè. Àmútọ̀runwá ni Ajàyí, orúkọ ọmọ tó dojúbolẹ̀ wáyé. Ẹ̀yìn aṣọ eré ni ó ti hàn sí gbogbo Amẹ́ríkà.