Òdòdó Ọgbà tí ó di Gbéborùn ní Omi Ìlàjẹ

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ojú omi lọ sí Aráròmí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní ìgbà òjò yóò rí ìtànná kan tí ó tẹ́ rẹrẹ lórí omi, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí aṣọ àlùkò tí ó ti ṣá díẹ̀. Àlejò a máa yìn ín. Onílé kì í yìn ín. Ohun tí a fẹ́ wádìí níhìn-ín ni bí òdòdó tí a ti ń gbìn sí ọgbà àwọn ọlọ́lá fún ẹwà rẹ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti bí ó ti ṣe gba orúkọ tí kò lẹ́wà rárá.

Omi wa kò ṣàìní ewé tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojúoró àti òṣíbàtà ti wà nínú òwe àti ọfọ̀ àwọn baba wa láti ìgbà láéláé. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa dé orí kẹfà Ìhìnrere Mátíù, wọn kò lo òṣíbàtà fún òdòdó tí Olúwa wa fi wé ògo Sólómọ́nì. Lílì ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ àjèjì tí a ti sọ di tiwa. A rò pé wọ́n ṣe dáadáa, nítorí òdòdó inú pápá ni Olúwa ń sọ, inú omi sì ni òṣíbàtà ń gbé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, òdòdó àjèjì a máa gba orúkọ ilé: tanná-pa-oṣó, tí í tanná ní ìrọ̀lẹ́, Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ orúkọ náà tí yóò pè é ní àlejò?

Àfonífojì odò Amásónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni orílẹ̀ òdòdó omi tí a ń sọ yìí. Martius, ará Jámánì, tí ó rin Bràsíìlì já láti 1817 títí di 1820, ni ó fún un ní orúkọ ìwé ní 1823: Pontederia crassipes. Ọ̀rọ̀ kìíní jẹ́ ìrántí Pontedera, olùkọ́ nípa ewéko ní Padua ní Ítálì; èkejì túmọ̀ sí ẹlẹ́sẹ̀ kíki, nítorí igi ewé rẹ̀ wú bí àpò tí afẹ́fẹ́ kún, èyí ni ó sì ń mú un léfòó. Ní 1843 Kunth sọ ọ́ di Eichhornia, kí ó lè bọlá fún Eichhorn, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Prussia. Ní 2018 àwọn onímọ̀ kan tún dá a padà sí Pontederia. Àwọn ológbà Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn sọ ọ́ ní orúkọ Hyacinthus, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn àwọn ará Gíríìkì, tí òrìṣà Apollo ṣèèṣì pa níbi eré. Bẹ́ẹ̀ ni ewé kan ṣoṣo ru orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n, ti mínísítà àti ti ọmọ inú àlọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó tukọ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá rí.

Láti inú adágún ọgbà ni ó ti bọ́ sínú odò káàkiri ayé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, nínú omi tí ó ti ìhà Àjàṣẹ́ wá sí Àgbádárìgì. Kò pẹ́ tí ó fi la ọ̀sà Èkó kọjá, tí ó gba Ẹ̀pẹ́, tí ó sì dé Ìlàjẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí jẹ́ fún ìlú tí omi jẹ́ títì rẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì péré ni ewé yìí lè di ìlọ́po méjì. Ó dí ọ̀nà ọkọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, àwọ̀n àti ìgèrè há sínú rẹ̀. Ọkọ̀ aláìsàn tí ń lọ sí Igbókòdá kì í yára mọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé a sì pẹ́ lójú omi. Nígbà tí ó bá jẹrà, ó gba èémí lọ́wọ́ ẹja. Ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan ni ó máa ń fún àwọn ará etí òkun ní ìsinmi díẹ̀, nítorí iyọ̀ òkun a wọ inú odò, ewé náà a sì rọ. Ṣùgbọ́n òjò a tún gbé òmíràn sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, gbéborùn ni àwọn ènìyàn sọ ọ́, orúkọ tí a ń pe olófòófó. Ní tiwa, orúkọ yìí péye ju ti àwọn ọ̀mọ̀wé lọ. Ewé náà a ta ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀ka a di ọmọ, ọmọ a tún ta ẹ̀ka tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti í ṣe láti ẹnu dé ẹnu. Ti àwọn ará Ígálà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ tí wọ́n fún un ní í ṣe pẹ̀lú ikú ìyá àti ọmọ.

Ní 1991, àwọn onímọ̀ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti IITA, tí olú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tú kòkòrò kékeré kan, Neochetina, sílẹ̀ sí omi ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ilẹ̀ tí ewé náà ti wá ni kòkòrò náà ti wá, òun ni ó sì ń jẹ. Ó dín in kù púpọ̀ níbẹ̀, kò pa á run. Àwọn mìíràn ń gé igi ewé rẹ̀, wọ́n ń sá a sóòrùn, wọ́n sì ń fi í hun agbọ̀n àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé, tí ó fi jẹ́ pé òdòdó tí ó ti inú ọgbà jáde tún ń padà wọ yàrá àlejò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ní gbígbẹ.