Mímọ̀ àti gbígbàgbọ́

Nínú ìwádìí tó gbára lé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn dípò òǹkà, ìbéèrè kan ló ṣáájú gbogbo ìbéèrè yòókù: kí là ń pè ní ìmọ̀? Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jọ jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, gbé ìbéèrè yìí tọ àwọn oníṣègùn lọ nílẹ̀ Èkìtì. Ìwé tó tibẹ̀ jáde, Knowledge, Belief and Witchcraft, di títẹ̀ ní 1986.

Àwọn oníṣègùn náà ò da ọ̀rọ̀ méjèèjì, mímọ̀ àti gbígbàgbọ́, pọ̀ rárá. Ohun téèyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tó sì yé e, òun ló mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún un, tó gbọ́ tó sì gbà, ìgbàgbọ́ ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ ṣeé fọkàn tán tó. Ọmọ iléèwé tó kà á pé ayé ń yí oòrùn po, èdè Gẹ̀ẹ́sì á ní ó mọ̀ ọ́n. Nípa ìlànà àwọn àgbà wọ̀nyí, ó gbà á gbọ́ ni. Tó bá dán an wò fúnra rẹ̀, tó sì rí i, ìgbàgbọ́ yẹn lè wá di ìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré o. Bí olùwádìí bá bi ìyá kan pé, "Ṣé ẹ mọ ohun tó fa àìsàn yìí?", tí ìyá ní òun ò mọ̀, ó lè ti gbọ́ àlàyé dọ́kítà yékéyéké, kó sì gbà á, ojú rẹ̀ ni kò tó o. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá ò mọ nǹkan kan ti ṣì í kọ.

Hallen àti Sodipo ò sáré. Wọ́n jẹ́ kí àwọn oníṣègùn fúnra wọn ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n sì kà wọ́n sí ẹlẹgbẹ́ nínú ìrònú.