Ìtumọ̀ Dáìmẹ́ńṣọ̀n Nínú Ìtàn Ìmọ̀ Ìṣirò

Nígbà tí a bá ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò, ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dá wa dúró ni dáìmẹ́ńṣọ̀n. Àwọn kan ń pè é ní "ìwọ̀n". Èrò wa ni pé ìtàn ọ̀rọ̀ náà kò fara mọ́ ìtumọ̀ yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Kristi, Euclid, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, ṣe àlàyé pé ìlà ní gígùn láìní ìbú. Ojú nǹkan ní gígùn àti ìbú nìkan. Odindi nǹkan, bí àpótí, ní gígùn, ìbú àti jíjìn. Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Kò parí. Ní ọdún 1877, Georg Cantor fi hàn ní Jámánì pé a lè so ojú-àmì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà mọ́ ojú-àmì kan ṣoṣo nínú igun-mẹ́rin, tí ọ̀kan kò ní ṣẹ́ kù. Ẹnu ya òun pàápàá. Richard Dedekind, ẹni tí ó kọ̀wé sí, tọ́ka sí i pé ìsopọ̀ náà ń já: àwọn tí ó sún mọ́ra lórí ìlà ń fọ́n ká nínú igun-mẹ́rin. Ní 1890, Giuseppe Peano ti Ítálì rí ìlà tí kò já, tí ó sì kárí gbogbo inú igun-mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ó tẹ àwọn ojú-àmì kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 1911 ni L. E. J. Brouwer ti Họ́láńdì fi ẹ̀rí hàn pé ìsopọ̀ ọ̀kan-sí-ọ̀kan tí kò já, ní àlọ àti ní àbọ̀, kò lè sọ ìlà di ojú nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni kíkà Euclid ṣe rí ẹsẹ̀ dúró.

Ní 1912, Henri Poincaré ti Faransé fi gígé ṣe àlàyé rẹ̀. Bí a bá gé okùn tínínrín, ojú-àmì ni ojú ibi tí a gé. Bí a bá gé ẹní, ìlà ni. Bí a bá gé iṣu, ojú pẹrẹsẹ ni.

A ó ṣe àkíyèsí pé kò sí èyí tí ó mẹ́nu ba títóbi nínú gbogbo wọn. Ìwọ̀n ń sọ bí nǹkan ti tóbi tó. Dáìmẹ́ńṣọ̀n ń sọ iye ọ̀nà tí a lè gbà wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, a dábàá "ọ̀nà-ìwọ̀n". Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bi pé, "Ìwọ̀n mélòó ni àpótí yìí ní?", tí ó sì dáhùn pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kí olùdánwò tó fún un ní òdo, kí ó kọ́kọ́ yẹ ìbéèrè rẹ̀ wò.