Ẹ̀rí Inú Òkúta: Òjé, Fàdákà àti Idẹ Igbo-Ukwu

Ní ọdún 1938, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi nínú àgbàlá rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Ìgbò, nígbà tí ó kan àwọn ohun èlò idẹ lábẹ́ ilẹ̀. Láàárín 1959 sí 1960, àti ní 1964, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw wa ilẹ̀ ibẹ̀ ní ojú mẹ́ta. Ó rí àwo, ìkòkò, ohun ẹ̀ṣọ́ oyè, àti ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 165,000. Àyẹ̀wò igi àti èédú tí ó bá níbẹ̀ tọ́ka, ní ọ̀pọ̀ jù lọ, sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án.

Ọjọ́ orí yìí fa àríyànjiyàn. Ní 1973, Babatunde Lawal àti Merrick Posnansky wà lára àwọn tí ó kọ̀wé lé e lórí. Ìbéèrè tí ó le jù ni pé: níbo ni àwọn alágbẹ̀dẹ náà ti rí bàbà? Èrò tí ó gbilẹ̀ nígbà náà ni pé kò sí bàbà nítòsí. Bí ó bá jẹ́ pé aṣálẹ̀ Sàhárà ni wọ́n gbé e gbà, a ní láti wá oníṣòwò tí ó gbé e wá ní ayé àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí ni ó gbé e wá, iṣẹ́ náà kò lè dàgbà ju ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ìdáhùn wà nínú òkúta. Láti agbègbè Abakaliki, Enyigba àti Ishiagu títí dé Zurak ní ìpínlẹ̀ Plateau, ilẹ̀ àfonífojì Benue ní òjé, síǹkì àti bàbà nínú. Òkun ni ó bo ibẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn tí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ti di òkúta, omi iyọ̀ gbígbóná gba inú ibi tí ó sán, ó sì kó àwọn irin wọ̀nyí lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n ti pàdé imí-ọjọ́, wọ́n di òkúta. Èyí tí ó jẹ́ òjé nínú wọn dúdú, ó sì ń dán. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a sábà máa ń lọ̀ ṣe tìróò. Fàdákà a máa sá pamọ́ sínú irú òkúta yìí láìjẹ́ pé ojú rí i. Ní òkè ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti òjò a máa tú imí-ọjọ́ kúrò lára bàbà, a sì di òkúta aláwọ̀ ewé tí iná èédú lè yọ́.

Ní 1979, V. E. Chikwendu àti A. C. Umeji jiyàn pé inú ilẹ̀ Nàìjíríà ni irin Igbo-Ukwu ti wá. Ní 1989, Chikwendu, Paul Craddock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ẹ̀rí kẹ́míkà kalẹ̀. Àfikún rẹ̀ jáde ní 1997. Èkíní, fàdákà inú idẹ náà pọ̀ púpọ̀, kò sì bá ti irin ilẹ̀ Yúróòpù tàbí ti etí òkun Mẹditaréníà mu. Èkejì, òjé ní ẹ̀yà mẹ́rin tí ìwúwo wọn yàtọ̀ síra, ìpín wọn sì yàtọ̀ láti ibi ìwakùsà kan sí òmíràn. Iná àgbẹ̀dẹ kì í yí ìpín yìí padà. Ìpín ti inú idẹ náà bá ti àfonífojì Benue mu. Abakaliki, níbi tí a ti rí ihò ìwakùsà àtijọ́, kò sì ju nǹkan bí 125 kìlómítà lọ sí Igbo-Ukwu.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín. Orírun irin kì í sọ ọjọ́ orí iṣẹ́, bí a bá sì yọ́ irin ibi méjì pọ̀, àmì wọn a dàrú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí yìí mú àtakò tí ó lágbára jù kúrò: kò di dandan kí a wá àlejò tí ó gbé bàbà wá kí a tó gbà pé àwọn ará ibẹ̀ ni ó ṣe é. Àwọn tí ó wa òkúta náà, tí wọ́n yọ́ ọ, tí wọ́n sì rọ ọ́, kò fi ìwé sílẹ̀. Ihò tí wọ́n gbẹ́ àti fàdákà inú idẹ wọn ni ìwé wọn. Níbikíbi tí ìwakùsà òde òní bá ti gba orí àwọn ihò wọ̀nyí kọjá láìsí awalẹ̀pìtàn níbẹ̀, ojú ewé kan ti ya kúrò nínú ìwé náà, kò sì sí ẹni tí yóò tún un kọ.